Púlọ́ọ̀gì Mẹ́rin fún Sùúrù Lérè

Abà Elérù, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, 1969

Wahab, ọmọ mi,

Àlàáfíà la wà nílé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bóyá ìwọ náà wà láàyè, èmi kò mọ̀, nítorí láti oṣù kọkànlá, lẹ́tà kan kò ti ọ̀dọ̀ rẹ wá. Nígbà tí o ń lọ ní oṣù kẹsàn-án, o ní oṣù mẹ́ta péré ni. Ogun ni wọ́n ń jà lọ́hùn-ún, Wahab, kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń ná. Bí ará abà bá béèrè rẹ, mo máa ń dá wọn lóhùn pé mọ́tò lò ń tún ṣe fún àwọn tó ń kó ẹrù, pé o kò gbé ìbọn. Mo máa ń sọ ọ́ kíkankíkan kí èmi fúnra mi lè gbà á gbọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni Sùúrù Lérè, píkọ́ọ̀pù wa tí ìwọ fúnra rẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ sí nídìí. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ. Láràárọ̀, èmi àti Asiata ìyá rẹ la máa ń tì í kó tó jí, ìyá rẹ sì ti ń sọ pé èmi lòun fẹ́, òun kò fẹ́ mọ́tò. Mo wá púlọ́ọ̀gì dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo wá a dé Ìlọrin, ohùn kan náà ni wọ́n ń bá mi sọ: ogun ti kó o lọ. Píkọ́ọ̀pù méjì péré ló wà ní abà yìí. Ti Ọládipọ̀ onígbàgbọ́ ti wà lórí òkúta láti ìgbà ìkórè, nítorí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ fọ́. Bí tiwa náà bá kú, ẹsẹ̀ la ó fi rin máìlì mọ́kànlá dé ọsibítù. Oyún tí o fi sílẹ̀ lára ìyàwó rẹ sì ti di oṣù márùn-ún. Ìwọ lò ń jẹ́ mẹkáníìkì. Wá púlọ́ọ̀gì fún bàbá rẹ.

Alimat ló ń kọ èyí bí mo ti ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Àkíbù

Ọkọ mi, èmi Alimat ni. Bàbá ti dìde lọ ṣe àlùwàlá, ni mo fi ráyè fi tèmi sí i. Ẹ má wo ìbínú tó wà lókè yẹn. Abẹ́ ìrọ̀rí ló tọ́jú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn sí. Ọmọ yín ti ń ta ẹsẹ̀ nínú mi. Ó jọ pé mẹkáníìkì ni, àfi bí ẹni tó ń lu irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun.


Rumuomasi, Port Harcourt
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì, 1969

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ibi tí mo wà. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà yín lò lọ́nà, wọ́n sì ti ṣí i wò kó tó dé ọwọ́ mi. Bí lẹ́tà ti ń rí níbí nìyẹn.

Mo wà láàyè. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, Gbọ́lágadé ará Abẹ́òkúta, la ti ń tún àwọn lọ́rì tó ń kó ẹrù kúrò ní èbúté Borokiri ṣe. Yàrá tí mò ń sùn, ẹni tó ni ín ti sá lọ. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà gíga àwọn ọmọ wọn sára ògiri, ìlà mẹ́ta, wọ́n kọ ọdún sí i. Èyí tó kéré jù kò ju orúnkún mi lọ. Mo ti fi aṣọ bo ibẹ̀, nítorí ojú mi kò gbà á.

Bàbá, mo ti rí púlọ́ọ̀gì. Mẹ́rin, tuntun, nínú páálí, gírísì kò tíì kúrò lára wọn. Mo wo bí ẹsẹ̀ wọn ti nípọn sí àti bó ti gùn sí, bákan náà ni pẹ̀lú ti Sùúrù Lérè. Àlòkù wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò wà ní ìdálẹ̀ tí yóò máa fi àlòkù ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀? Adébánjọ awakọ̀ lọ́rì, tó ń padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo fi wọ́n rán. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí wọn wọlé kí ẹ tó fi sípánà fún wọn, kí ojú ihò má baà bàjẹ́.

Alimat, mo ń jẹun. Sọ fún mẹkáníìkì inú rẹ pé kó rọra lu irin, ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ wálé.

Ọmọ yín,
Wahab


Abà Elérù
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 1969

Wahab, ọmọ tí ọ̀nà jíjìn kò sọ di àjèjì,

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Adébánjọ dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ méjì. Ojú gbogbo abà ni mo ti tú páálí náà, mo gbé púlọ́ọ̀gì kan sókè, ó ń dán. N kò jẹ́ kó sun ìta. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo tú ti àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i. Sùúrù Lérè jí lójú ẹsẹ̀, a kò tì í. Ìyá rẹ jó. Mo wà á lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, àgbààgbà mẹ́fà ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń kí mi kú oríire ọmọ.

N kò rí àgbò pa lọ́dún yìí, o mọ bí nǹkan ti rí. Nígbà tí a kírun tán, mo di púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú aṣọ funfun, mo fi wọ́n ta Ọládipọ̀ lọ́rẹ ní sàráà, lójú lèmọ́mù. Mo ní kí Ọlọ́run fi í bo Wahab lójú ìbọn àti lójú ọ̀tá. Ọwọ́ méjèèjì ni Ọládipọ̀ fi gbà á. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n àmín tó ṣe ju tiwa lọ. Ó ti ha ìdọ̀tí ẹnu wọn, ó ti fọ̀ wọ́n, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta. Nítorí náà máa ṣiṣẹ́ rẹ, ọkàn mi ti balẹ̀ lórí rẹ.

Bàbá rẹ,
Àkíbù

Ọkọ mi, Bàbá ti gbé páálí òfìfo náà kọ́ sára ògiri bíi fọ́tò. Ó sunkún díẹ̀ ní yídì nígbà tó dárúkọ yín, kò kàn jẹ́ kí n kọ ọ́ ni.


Rumuomasi, Port Harcourt
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, 1969

Bàbá mi,

Ẹ kú Iléyá, ẹ kú ọdún. N kò tíì gbọ́ bóyá Adébánjọ dé, ṣùgbọ́n n kò lè dúró de èsì kí n tó kọ èyí. Bí ẹ bá ti fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí Sùúrù Lérè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n.

Obìnrin kan wà ní Iwofe, Ibiere lorúkọ rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń kó ẹja wá sọ́jà. Ọkọ náà jáde lọ wá iyọ̀ lọ́dún tó kọjá, kò padà. Mọ́tò yẹn ti gbó, ó ń mu ọ́ìlì bíi Sùúrù Lérè. Èmi ni mo fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, irú èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín gẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ni Ibiere fi rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Oga Wahab, na which kain plug be dis? Three times e die for road. All my fish don spoil.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kú lójú ọ̀nà, ẹja rẹ̀ bàjẹ́ tán. Kò bú mi, ó kàn jókòó sórí táyà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

A tú púlọ́ọ̀gì náà. Ó dúdú, ọ́ìlì rin ín gbingbin. Ọ̀gá Gbọ́lágadé kó ọ̀kan nínú rẹ̀ àti àlòkù kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Lóde, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ó ní kí n wo inú ẹnu wọn. Imú tánganran inú tuntun kúrú, ti àlòkù gùn. Ó ní, “Èyí tó kúrú yìí, tútù là ń pè é. Ọkọ̀ ńlá tó ń ru ẹrù látàárọ̀ dalẹ́ ló ni ín, nítorí inú tiẹ̀ ti gbóná jù. Èyí tó gùn, gbígbóná ni. Ẹ́ńjìnnì arúgbó tó ń mu ọ́ìlì, òun ló ń fẹ́, kó lè máa jó ọ́ìlì náà dànù. Fi tútù sí arúgbó, á ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ́ìlì á dí i lẹ́nu.”

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń ṣa púlọ́ọ̀gì yín, ọ̀gá na ọwọ́ sí àlòkù yẹn fún mi. Ó ní kì í ṣe tuntun là ń wá, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì mu ni. Ojú ló tì mí láti fi í ránṣẹ́. Mo ń ro ohun tí ará abà yóò wí.

Àlòkù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú mọ́tò Ibiere báyìí, kò sí òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dá ti àtijọ́ yín padà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ẹnu wọn, ẹ fi fáìlì kàn án díẹ̀, ẹ jẹ́ kí àlàfo ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó bíléèdì ìfárí mẹ́fà tí a tò pọ̀. Wọn yóò gbé yín títí n ó fi dé.

Ọmọ yín,
Wahab


Rumuomasi, Port Harcourt
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1969

Bàbá mi,

Lónìí ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dúpẹ́ sàráà tí ẹ ṣe lórí mi, kí Ọlọ́run gbà á. Ṣùgbọ́n, Bàbá, mo dojú bolẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ lọ bá Ọládipọ̀, ẹ gba púlọ́ọ̀gì yẹn padà. Kì í ṣe títí láé. Ẹ yá a, kí Alimat bímọ tán, kí ẹ dá a padà fún un. Ọmọlúàbí ni Ọládipọ̀, kò ní kọ̀.

Mọ́tò yín yóò kú lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ mi. Oṣù karùn-ún kò jìnnà mọ́.

Ọmọ yín,
Wahab


Abà Elérù
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin, 1969

Wahab,

Lẹ́tà méjèèjì tí o kọ dé lọ́jọ́ kan náà. Mo gbọ́ ohun tí o wí, ṣùgbọ́n ìwọ kò gbọ́ ohun tí o wí.

O ní kí n gba sàráà padà. Ojú lèmọ́mù ni mo ti ṣe é, orúkọ rẹ ni mo sì fi ṣe é. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìbọn má rí ọ. Láti ọjọ́ náà, ṣé ìbọn rí ọ? Ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ mi ti bọ́ sọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí n wá lọ nawọ́ kí n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi padà, mo ti yí ọkàn padà lórí ẹ̀mí ọmọ mi? Ó di èèwọ̀ lẹ́nu mi. Bóyá o fẹ́ yá a ni o, bóyá o fẹ́ gbà á ni o, ọ̀kan náà ni lójú Ọba òkè.

Ní ti mọ́tò, ó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló kú, ìyẹn náà nítorí òjò. Mo ti ń wa mọ́tò kí o tó mọ bí wọ́n ti ń ju òkò sí máńgòrò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ tútù àti gbígbóná yẹn, sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta ẹ̀kọ. Máa tọ́jú ara rẹ, kí o sì máa bọ̀.

Bàbá rẹ,
Àkíbù

Ọkọ mi, Bàbá ní ẹ̀ẹ̀kan ni mọ́tò kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Bó bá kú, á tú púlọ́ọ̀gì, á fi pẹtiróòlù fọ̀ wọ́n, á tún lọ díẹ̀. Mo ní kí n lọ bá Hannah ìyàwó Ọládipọ̀ sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá ní bí mo bá lọ, èmi ni mo pa ọkọ mi. Mo jókòó. Ẹ má dààmú, ara mi le. Bí mo bá bí i tán, èmi fúnra mi ni n ó kọ lẹ́tà tí yóò sọ ohun tí mo bí fún yín. Ẹ má gba ti ẹlòmíràn gbọ́.


Rumuomasi, Port Harcourt
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, 1969

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìbọn kò pa mí, kì í sì ṣe púlọ́ọ̀gì ló ń dá ìbọn dúró. Àwọn tó kú níbí náà ní bàbá tó ń gbàdúrà. Mo ń rí wọn. Nígbà tí a bá lọ fa mọ́tò tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a máa ń kọ́kọ́ gbé ènìyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ fi ohun mìíràn ṣe sàráà náà. Ẹ mú aṣọ mi tó wà nínú àpótí, kẹ̀kẹ́ mi, ohun gbogbo tí mo fi sílẹ̀, ẹ fi ta Ọládipọ̀ lọ́rẹ, kí ẹ gba irin mẹ́rin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀mí mi bá wà nínú rẹ̀, mo yọ̀ǹda.

Ọmọ yín,
Wahab


Rumuomasi, Port Harcourt
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, 1969

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ti lé ní oṣù kan tí ẹ ti kọ ìwé kẹ́yìn. Mo ka oṣù lórí ìka, ó yẹ kó ti bí i báyìí. Mo ti ká aṣọ tí mo fi bo ògiri kúrò. Mo fẹ́ fa ìlà kan síbẹ̀ fún tiwa, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ọmọ tuntun máa ń ga dé, Ibiere sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Alimat, ìwé rẹ ni mò ń retí. Ìlà kan péré ti tó.

Wahab


Abà Elérù
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 1969

Wahab,

O ti rí i pé ọwọ́ tó kọ ìwé yìí kì í ṣe ọwọ́ tí o mọ̀. Tíṣà Akínbíyìí ló ń bá mi kọ ọ́. Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

Alimat ti kú, lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Obìnrin ni.

N ó sọ ọ́ bó ti rí, n kò ní fi ẹyọ kan pamọ́ fún ọ. Àárọ̀ ni ìrọbí mú un. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn Sùúrù Lérè, ó dùbúlẹ̀, ìyá rẹ jókòó tì í. Ọládipọ̀ ti lọ sọ́jà. A rin máìlì mẹ́rin, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kó tó pé márùn-ún, ó kú. Mo tú púlọ́ọ̀gì. Ó dúdú, ọ́ìlì rin ín gbingbin, bí o ti kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo fi etí bùbá mi nù wọ́n, mo dá wọn padà, ó jí, a lọ díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tú wọn. Wọ́n gbóná, wọ́n bó mi lọ́wọ́. Alimat rí i. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í mú.” Ẹni tó ń rọbí ló ń ṣàánú mi.

Ẹ̀bá odò ló bímọ sí, lórí mọ́tò. Ọmọ ké. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìyá rẹ bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀ láti fi dí i, kò dá. Èmi ń tú púlọ́ọ̀gì, mò ń nu púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí ìyá rẹ figbe ta, n kò wẹ̀yìn. Mo ń yí sípánà.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọládipọ̀ ń tọjà bọ̀ tó bá wa níbẹ̀. A gbé Alimat sínú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbéra, mọ́tò náà jí lójú ẹsẹ̀. Púlọ́ọ̀gì wa àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò wúkọ́ títí tó fi gbé wa délé. Ọ̀nà ilé la gbà, a kò ní ohun tí a ó lọ ṣe ní ọsibítù mọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo ka ohun tí o kọ sí mi fún Ọládipọ̀, àní Tíṣà kà á. Ó wá ní, “Bàbá Wahab, ẹ ò bá ti wí. Ẹ ò bá ti wí fún mi o jàre.” Lèmọ́mù náà ní bí mo bá bi òun ni, òun ìbá sọ fún mi pé ẹ̀mí aboyún ju irin lọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. N kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti ń pa á lówe fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

A ti sọ ọmọ rẹ ní Àdíját lọ́jọ́ kẹjọ. Hannah tó ní ọmọ lọ́wọ́ ló ń fún un lọ́mú pẹ̀lú tirẹ̀. Ó ń ta ẹsẹ̀ gan-an. Máa bọ̀ wálé, Wahab. Bí o bá dé tí o kò bá bá mi sọ̀rọ̀, mo gbà.

Lánàá, Ọládipọ̀ fúnra rẹ̀ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú mọ́tò rẹ̀. Ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun tí mo fi dì wọ́n fún un, ó kó wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó kúnlẹ̀. Mo nawọ́, mo gbà wọ́n. Kò le rárá, Wahab. Kò gbà ju kí n nawọ́ lọ.

Bàbá rẹ,
Àkíbù